Ẹ Má Fi Agbára Ọ̀la Sáré Òní

Bí ẹ bá jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ní Ìkátẹ̀ Elégùṣì, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lójú títì Kusenla kí ẹ tó gbọ́ ìpè àdúrà. Àwọn tí ń sáré ni. Ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ sá eré Marathon ìlú Èkó, láti Pápá Ìṣeré tí ó wà ní Sùúrùlérè, gba orí Afárá Third Mainland, títí dé Eko Atlantic. Láti ìgbà náà ni eré ọ̀nà jíjìn ti wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára ní àdúgbò wa. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni eré náà. Kìlómítà 10 sì wà fún ẹni tí kò lè sá tó bẹ́ẹ̀.

Èmi náà ń sáré, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Eré sísá dára fún ọkàn, ó ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jà, ó sì ń mú kí inú dùn. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ń wá sí ilé ìwòsàn wa, mo ń rí àwọn kan tí kì í ṣe àìsáré ni ó mú wọn ṣàìsàn. Àìsinmi ni.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní oṣù Kejìlá, arákùnrin kan wá bá mi. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni, ó ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Màrínà. Ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lóògùn ibà. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù méjì, ibà yìí kò fẹ́ fi mí sílẹ̀." Mo bi í pé ta ni ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nígbà méjì ìṣáájú. Kò sí ẹnì kankan. Ó kàn ń ra oògùn ní kẹ́míìsì ni. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí kòkòrò ibà níbẹ̀.

Mo wá ní kí ó ka ọjọ́ rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ka owó. Agogo mẹ́rin ni ó ń jí. Ó ń sá kìlómítà 12, gba ìhà Jákàńdè padà wálé. Ní agogo mẹ́fà ó ti wà nínú ọkọ̀, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ títí dé Ọbáléndé. Ìṣirò owó ìparí ọdún wà lọ́rùn rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ọ̀gá rẹ̀ sì ń pariwo mọ́ ọn. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni ó ń wọlé, mọ́kànlá ni ó ń sùn. Mo ní, "Wákàtí márùn-ún péré ni ẹ ń sùn?" Ó ní, "Ó ti mọ́ mi lára, Mà." Kò mọ́ ọn lára o. Ara rẹ̀ gan-an ni ó gbé e wá sọ́dọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí ọ̀gá bá ń kígbe mọ́ ènìyàn, tàbí tí ọkọ̀ kò rìn tí àkókò sì ń lọ, ẹran kékeré méjì tí ó jókòó lé orí kíndìnrín a máa da àwọn omi ara kan sínú ẹ̀jẹ̀. Adrenaline àti cortisol ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Wọ́n ń mú kí ọkàn yára lù, wọ́n sì ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, kí ara lè rí agbára jà tàbí kí ó rí agbára sá. Bí a bá ń sá eré líle, àwọn omi kan náà ni ń jáde. Ara kò mọ̀ pé ti ọ́fíìsì ni èyí, ti eré ni ìyẹn. Àpò kan náà ni ó ti ń náwó sí méjèèjì.

Kí ni ó wá ń kún àpò náà padà? Oúnjẹ ni, àti oorun. Eré a máa já àwọn fọ́nrán tíntìntín inú iṣan ẹsẹ̀. Nígbà tí a bá sun àsùnwọra, ara a tún wọn so, a sì so wọ́n le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, kì í ṣe ìgbà tí a ń sáré lọ́wọ́ ni a ń lágbára sí i, ìgbà tí a bá sinmi lẹ́yìn eré ni. Ẹni tí ń sáré tí kì í sùn dà bí ẹni tí ń gba owó lọ́wọ́ alájọ lójoojúmọ́ tí kì í dá. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí alájọ yóò ṣí ìwé fún un.

Àwọn tí ó mọ eré jù wá lọ ti rí èyí tipẹ́. Ní ọdún 1954, Roger Bannister, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní ọsibítù St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fẹ́ sá máìlì kan kí ìṣẹ́jú mẹ́rin tó pé, ohun tí ẹnì kankan kò tíì ṣe. Ní oṣù Kẹrin, bí ó bá ń dánra wò, a máa sá ìdá mẹ́rin máìlì nígbà mẹ́wàá, ìṣẹ́jú-àáyá 61 sì ni ìkọ̀ọ̀kan ń gbà á. Gbogbo ipá tí ó sà, kò lè dín in kù. Ó bá pa eré tì, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Chris Brasher lọ gun òkè ní Scotland fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, ó di 59. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, ó ṣiṣẹ́ ní ọsibítù láàárọ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Oxford, ó sì sá máìlì náà ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59.4.

Kí ẹ má ṣe rò pé mo kàn ń dá àwọn ẹlòmíràn lẹ́jọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Mo ṣe iṣẹ́ òru nígbà kan, ilẹ̀ mọ́, mo sáré, mo jẹ obì, mo sì padà lọ gba iṣẹ́ fún ẹnìkejì mi. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá. Mo na ọwọ́, mo gbé ìgò oògùn fún un. Ìyá náà wò ó, ó ní, "Mà, ṣé èyí náà ni ti àná?" Mo wò ó. Kì í ṣe òun. Ọmọ náà kò mu ún, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé ìgò náà. Obì àti kọfí kì í fúnni lágbára, wọ́n kàn ń bo àárẹ̀ mọ́lẹ̀ kí a má baà rí i ni.

Njẹ́ kí ni kí a ṣe? Èkíní, kí ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi ìka méjì lé ibi tí iṣan ti ń lù ní ọrùn ọwọ́ yín, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tí ara yín dá, kí ẹ lè mọ ìwọ̀n yín. Bí ó bá fi nǹkan bí mẹ́wàá ju ìwọ̀n yìí lọ ní òwúrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta léraléra, ẹ má sáré. Bí ara bá sì gbóná, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó lo oògùn ibà.

Èkejì, wákàtí méje ni kí àgbàlagbà máa sùn, ó kéré tán. Bí ẹ kò bá sùn tó mẹ́fà, ẹ fi àkókò eré ọjọ́ náà sùn.

Ẹ̀kẹta, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi eré gígùn sí òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ kò ní lọ síbi iṣẹ́. Ìyókù, ẹ rọra sá a débi pé ẹ lè máa bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle.

Ẹ̀kẹrin, ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ bá pọ̀, tàbí tí ọmọ kò jẹ́ kí ẹ sùn lóru, ẹ dín eré kù sí ìdajì. Agbára tí ẹ ti kó jọ kò ní tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹun lẹ́yìn eré. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tó, omi sì ṣe pàtàkì. Ẹ má lo oògùn ara ríro kí ẹ lè sáré, nítorí bí omi kò bá tó lára, irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ń sáré, iṣẹ́ ilé náà iṣẹ́ ni, ẹ kà á mọ́ ọn. Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró tí kì í ṣe oyún, ẹ wá rí wa. Ẹnikẹ́ni tí àyà ń dùn nígbà tí ó ń sáré, tàbí tí ó dákú, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi kóòkì lẹ́yìn eré, kí ó lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Arákùnrin wa fi eré sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó ń sùn títí di agogo márùn-ún ààbọ̀. Nígbà tí ó padà sí eré, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni. Ní oṣù Kejì, kìlómítà 10 ni ó sá, ó fi 42 sílẹ̀ di ọdún mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ ni ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò sọ̀rọ̀ eré rárá. Ó ní bàbá àwọn ọmọ ti ń bá wọn rẹ́rìn-ín lálẹ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.