Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré, Iṣẹ́ Sùúrù

Ọkọ̀ òfurufú oníke tí ọmọ ń tò kì í ṣe eré lásán. Ẹ wo Sopwith Camel, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1917. Ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 8.5, bí a bá dín in kù sí ìdá kan nínú 72, ó di sẹ̀ǹtímítà 12 péré. Ìyẹ́ méjì ló ní, ọ̀pá tín-ín-rín ló gbé ti òkè dúró. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń sọ ìrètí nù.

Àmọ̀ràn wa rèé: ẹ kọ́kọ́ tò ó wò láìfi gọ́ọ̀mù sí i, nítorí gọ́ọ̀mù rẹ̀ a máa yọ́ ike. Ẹ kùn ún kí ìyẹ́ òkè tó gorí. Kí ọ̀pá gbẹ kí ẹ tó fa òwú bíi wáyà. Ẹ má gbà á ṣe. Ẹ jókòó ti ọmọ yín.