Wọ́n rán èjìká tán, ó tún yẹ̀: kí ló fà á?

Ẹ gbé ọsàn kan lé ìdérí ìgò omi. Bí èjìká yín ṣe rí nìyẹn. Orí eegun apá ni ọsàn, pẹpẹ kékeré tó jókòó lé ni ìdérí. Ìdí nìyẹn tí apá fi ń yí síbi gbogbo, òun náà ló sì jẹ́ kó rọrùn fún èjìká láti yẹ̀.

Ètè rírọ̀ kan ló yí etí pẹpẹ náà ká, tí kò jẹ́ kí ọsàn yí dànù. Tí èjìká bá yẹ̀ síwájú (iwájú náà ló sábà máa ń yẹ̀ sí), ètè yẹn á ya. Wọ́n lè fa apá padà sáyè ẹ̀ o, àmọ́ ètè tó ya lè má lẹ̀ padà dáadáa. Ọ̀dọ́ ni èyí ń bá fínra jù.

Dókítà Bankart ní London ló ṣàlàyé ètè yìí ní 1923, tó sì ń rán an padà. Lónìí, ihò kékeré ni wọ́n ń gbà, wọ́n á ti kámẹ́rà wọlé, wọ́n á rán an. Ṣé ó ń dúró? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ní 2000, Stephen Burkhart ní Texas àti Joe De Beer ní Cape Town kọ nípa 194 irú iṣẹ́ abẹ yìí. Àwọn tó ń gbá rọ́gíbì ní South Africa pọ̀ nínú wọn. Nínú 173 tí eegun wọn ṣì pé dáadáa, 7 péré ni wàhálà èjìká padà bá. Nínú 21 tí eegun wọn ti jẹ gan-an, 14 ni! Àwọn dókítà kan náà, ọ̀nà kan náà.

Báwo ni eegun ṣe ń jẹ? Gbogbo ìgbà tí èjìká bá yẹ̀, orí eegun apá lè ha etí pẹpẹ, òun náà á sì tẹ̀ wọnú. Ẹni tó ń fà á padà fúnra ẹ̀ lórí pápá, tó ní ó ti mọ́ òun lára, eegun ló ń ná. Ìdérí tó ti já létí kan, ẹ rán ètè ẹ̀ títí, ọsàn á ṣì yọ̀.

Fún irú wọn, ọgbọ́n Michel Latarjet, ará Lyon, ti wà láti 1954: wọ́n á gé ṣóńṣó eegun kan níwájú èjìká, tòun ti iṣan tó so mọ́ ọn, wọ́n á fi síkúrù dè é mọ́ ibi tó jẹ. Burkhart àti De Beer ṣe irú rẹ̀ fún èèyàn 102 tí eegun wọn ti jẹ. Ní 2007 wọ́n kọ ọ́ pé 5 péré ló padà sí wàhálà. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré o. Iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ wá sápá wà nítòsí, ó lè fara pa, eegun tí wọ́n dè náà sì lè kọ̀ kó má jò pọ̀.

Èló ni iṣẹ́ abẹ, ìyẹn la sábà máa ń kọ́kọ́ bi dókítà. Tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ bi í pé, eegun tó kù ńkọ́? CT scan ló ń fi í hàn kedere ju ẹ́síréè lásán lọ.