Ṣé O Mọ̀? Ẹ́ńjìnì Tírélà Ń Fẹ́ Ìgbóná

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wà ní Kánádà tí wáyà iná ń yọ níwájú wọn, tí kì í sì í ṣe ọkọ̀ oníbátìrì? Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tàbí ọkọ̀ bẹntiróòlù lásán ni. Alẹ́ ni wọ́n ń ki wáyà náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ́ńjìnì lè jí láàárọ̀. Ohun tó wà ní ìdí wáyà yẹn, nínú ẹ́ńjìnì gan-an, ni hítà ẹ́ńjìnì. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ń wa tírélà ní Winnipeg tàbí Edmonton mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ẹni tó dúró ní Lagos Garage n'Ìjẹ̀bú-Òde lè má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó wà lára tírélà tó ń kọjá lọ lójú rẹ̀. A ó dé orí ìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná? Písítìn ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, tí yóò ká a mọ́ àyè tí kò ju ìdá kan nínú 14 sí 22 àyè tó wà tẹ́lẹ̀ lọ, títí afẹ́fẹ́ náà yóò fi gbóná kọjá 500°C. Nọ́sù á wá fọ́n epo sínú ìgbóná yẹn, epo á sì gbiná fúnra rẹ̀. Lọ wo ẹni tó ń wa ẹ́ńjìnì Lister níbi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí Ìjẹ̀bú. Yóò gbé irin kékeré kan sókè kí afẹ́fẹ́ máa jáde, yóò fi ọwọ́ yí àgbá irin wíwúwo náà títí yóò fi máa sáré, lẹ́yìn náà ni yóò já irin kékeré yẹn sílẹ̀. Gbì! Ẹ́ńjìnì ti gbà. Kò sí bátìrì, kò sí ìṣáná. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ló dáná.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe irú ẹ́ńjìnì yìí ńkọ́? Rudolf Diesel ni, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí sí Paris ní 1858. Ní 1897 ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ yanjú ní Augsburg. Níbi àfihàn àgbáyé ti Paris ní 1900, ilé iṣẹ́ Otto gbé ẹ́ńjìnì Diesel kékeré kan wá tó ń fi òróró ẹ̀pà ṣiṣẹ́. Ìjọba Faransé ló ní kí wọ́n dán an wò, nítorí ẹ̀pà pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn. Ẹ̀pà tiwa, ẹ́ńjìnì tiwọn!

Ṣé o wá rí ọ̀nà tí òtútù ń gbà bá ẹ́ńjìnì yìí jà? Bí irin bá tutù jù, irin náà ni yóò fa ooru afẹ́fẹ́ tí písítìn fún pọ̀, epo kò sì ní rí ìgbóná tó máa ràn án. Ọ́ìlì ti ki, ẹ́ńjìnì kò yí dáadáa. Bátìrì tó yẹ kó yí i náà ti rọ: ní -18°C, agbára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì lọ mọ́. Òtútù kì í sì í mọ sórí dísẹ́ẹ̀lì nìkan: ní ìgbà òtútù 1941, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wà lẹ́bàá Moscow, abẹ́ ọkọ̀ ogun ni wọ́n ń dáná sí kí ẹ́ńjìnì tó lè jí. Iná lábẹ́ ọkọ̀ tó gbé ọta ìbọn! Ọ̀ràn ló dé bá wọn.

Epo náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ìda wà nínú dísẹ́ẹ̀lì. Bí epo pupa ṣe ń dì nínú ìgò lásìkò ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìda yìí ń dì nínú òtútù líle, a sì dí ẹnu fílítà. Má gbàgbé pé hítà ẹ́ńjìnì kò lè wo èyí sàn, torí pé ẹ́ńjìnì ló ń gbóná, táǹkì epo kò gbóná. Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sè fún ìgbà òtútù ni wọ́n ń rà lọ́hùn-ún, tàbí kí wọ́n lu kẹrosíìnì mọ́ ọn.

Ta ló wá fi hítà sínú ẹ́ńjìnì? Andrew Freeman, ará North Dakota ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí tirẹ̀ ní 1949. Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi rẹ̀ ti jáde: èyí tó ń wọ ara ẹ́ńjìnì, èyí tó ń wọ họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ rédíétọ̀, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àwo ọ́ìlì lábẹ́, àti èyí tí ilé iṣẹ́ Webasto ti Jámánì ń ṣe, tó ń jó díẹ̀ lára dísẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tí kò nílò sọ́kẹ́ẹ̀tì rárá.

Bí wọ́n ṣe ń fi èyí tó wọ́pọ̀ jù sí i nìyí, mo sì rò pé àwọn mẹkáníìkì wa máa gbádùn rẹ̀. Ara ẹ́ńjìnì ní àwọn ihò róbótó tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dí. Ibẹ̀ ni hítà ń wọ̀. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á da kúláńtì, ìyẹn omi inú rédíétọ̀, sílẹ̀ sínú abọ́ tó mọ́. Wọ́n á fi òòlù àti irin kan ẹ̀gbẹ́ irin pẹlẹbẹ náà kí ó yí dúró nínú ihò rẹ̀, wọ́n á wá fi ẹ̀mú fà á jáde. Kíkàn án já sínú ẹ́ńjìnì ni kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n á nu ihò náà mọ́ títí ìpẹtà kò fi ní sí mọ́, wọ́n á fi gírísì pa rọ́bà hítà, wọ́n á tì í wọlé, kí irin agbóná rẹ̀ má fara kan irin ẹ́ńjìnì níbì kankan, wọ́n á sì dè é le. Wáyà á gba ibi tó jìnnà sí páìpù èéfín àti fáànù, á wá yọ sí iwájú ọkọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jìyà rèé: wọ́n kì í mú sùúrù kí wọ́n tó ki wáyà bọ iná. A gbọ́dọ̀ da kúláńtì padà kún ná, kí a tan ẹ́ńjìnì, kí afẹ́fẹ́ tó há sínú omi jáde, kí a sì wo ẹ̀gbẹ́ hítà bóyá ó ń jò. Hítà tí omi kò bò máa ń jóná kíákíá. Wáyà tó lágbára fún ìta gbangba ni kí a fi fa iná sí i, kì í ṣe èyí tí a fi ń fa fáànù nínú ilé. Ẹni tó bá sì gbàgbé láti fà á yọ kó tó wakọ̀ lọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì á tẹ̀lé e.

Ṣé o mọ̀ pé kò yẹ kó wà nínú iná láti alẹ́ mọ́jú? Wákàtí 3 sí 4 tó. Hítà tírélà ńlá máa ń jẹ 1,000 sí 1,500 wáàtì. Ti 1,500 tó bá wà nínú iná fún wákàtí 10 ti jẹ yúnìtì 15. Wákàtí 4 kò jẹ ju yúnìtì 6 lọ. Aago tó ń tan iná fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń lò, tó máa tàn ní aago méjì òru fún ẹni tó fẹ́ jáde ní mẹ́fà. Ẹni tó fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ lórí ìdúró mọ́jú ń jó nǹkan bíi lítà 3 dísẹ́ẹ̀lì ní wákàtí kan. Ṣírò ti wákàtí 10 fúnra rẹ.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìdájí ọyẹ́ ṣọ̀wọ́n kó lọ sísàlẹ̀ 18°C. Ní Jos, ó lè wá sí nǹkan bíi 10°C, síbẹ̀ ẹ́ńjìnì tó yè kooro ń jí níbẹ̀ láìsí hítà. Ṣé o mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń mú kí omi inú ẹ́ńjìnì jẹnẹrétọ̀ pàjáwìrì, irú ti ilé ìwòsàn, gbóná tó nǹkan bíi 32°C ó kéré tán, kí ó lè gbé iná láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10? Hítà ni wọ́n fi ń ṣe é. Lọ́sàn-án oṣù kejì tàbí ìkẹta n'Ìjẹ̀bú-Òde, ooru ìta lásán máa ń tó 32°C. Ohun tí wọ́n ń sanwó iná fún, a ń rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́, a tún ń ráhùn.

Nísinsìnyí, tírélà tokunbo. Àwọn Mack tó wá láti Amẹ́ríkà tó ń gba Ṣágámù kọjá Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin, àwọn mìíràn nínú wọn ṣì ní hítà lára, tí wáyà rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ níwájú. Bí rewáyà bá rí i, ó lè rò pé ti bátìrì ni. Má jẹ́ kó ki wáyà náà bọ iná wò! 120 fóótì ni wọ́n ṣe hítà Amẹ́ríkà fún, iná tiwa sì jẹ́ 240. Bí fóótì bá di ìlọ́po méjì, agbára tí hítà náà ń fà di ìlọ́po mẹ́rin: èyí tó ń jẹ 1,500 wáàtì á fẹ́ jẹ 6,000, ìyẹn ámúpù 25 lórí pọ́lọ́ọ̀gì tí fíúùsì rẹ̀ kò ju 13 lọ. Bí fíúùsì kò bá já, hítà ni yóò jó. Ewu kejì ni pé rọ́bà rẹ̀ máa ń gbó, omi á wá máa jò níbẹ̀, wọ́n á sì máa wá ibi tó ń jò kiri nídìí rédíétọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò, kó fi irin pẹlẹbẹ tuntun dí ihò náà. Àwọn kan ń kan igi sí i. Igi kì í ṣe ìdérí ẹ́ńjìnì.

Ọ̀rọ̀ tó wù mí jù ló kù. Tẹ́mosítáàtì! Ó ti pẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì wa ti ń yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní ti ìlú òtútù ni, kò wúlò níbi tí oòrùn wà. Àṣìṣe gbáà ni. Nínú ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ńlá, nǹkan bíi 82 sí 88°C ni tẹ́mosítáàtì ń ṣí. Kó tó ṣí, ó ń dá omi dúró sínú ẹ́ńjìnì kí ó yára gbóná. Tó bá ti gbóná tán, ó ń jẹ́ kó lọ tutù nínú rédíétọ̀. Ooru ìta 32°C kò sún mọ́ 82. Nítorí náà ọ̀rọ̀ tẹ́mosítáàtì kan Ìjẹ̀bú bó ṣe kan Winnipeg.

Ẹ́ńjìnì tí kò dé ìwọ̀n ooru rẹ̀ ń jẹ epo, ó sì tún ń jẹ ara rẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì kì í jó tán, èéfín á pọ̀, àjókù epo á sá bọ́ sínú ọ́ìlì, omi inú ọ́ìlì kò ní gbẹ, irin á máa họ irin. Ṣé o mọ̀ pé nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan, yíyọ tẹ́mosítáàtì ló tilẹ̀ ń mú ọkọ̀ gbóná jù? Ọ̀nà àbùjá kan wà tí omi ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnì láì dé rédíétọ̀. Tẹ́mosítáàtì ló ń ti ọ̀nà náà nígbà tó bá ṣí. Bí o bá yọ ọ́, omi gbígbóná á máa gba àbùjá, kò ní lọ tutù.

Kí ló wá ń mú tírélà gbóná lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀? Rédíétọ̀ tó dí, fáńbẹ́ẹ̀tì tó rọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti omi kiri tó ti jẹ, tọ́ọ̀pù gáàsíkẹ́ẹ̀tì tó ti fẹ́, tàbí ìdérí rédíétọ̀ tí kò mú mọ́. Ìdérí yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré: bó bá ká omi mọ́ bó ṣe yẹ, omi lè kọjá 100°C kó má hó, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ṣí i nígbà tó gbóná ṣe ń jóná lójú. Kúláńtì náà dára ju omi kànga lọ. Ìdajì rẹ̀ mọ́ ìdajì omi kì í dì títí dé -37°C, ìyẹn kò kàn wá. Ohun tó kàn wá ni pé kì í tètè hó, kì í sì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Ó dùn lẹ́nu o, májèlé sì ni. Má da èyí tí o tú sílẹ̀ síbi tí ọmọdé tàbí ewúrẹ́ ti lè lá a.

Ìwọ tó ní tírélà, béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì rẹ lọ́sẹ̀ yìí: tẹ́mosítáàtì mi dà? Bó bá ní òun ti yọ ọ́, ra tuntun kó fi sí i, kí ẹ sì wo ìwọ̀n ooru tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kó bá ti ẹ́ńjìnì rẹ mu.