Iṣẹ́ rélùwéè àti ìkẹ́rù ní ìlú St. Louis

St. Louis jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó wà ní bèbè odò Mississippi ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ní ìsàlẹ̀ ibi tí odò Missouri ti ṣàn pàdé rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ará Faransé ni ó tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1764. Láti ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó ti wà lára àwọn ojúkò rélùwéè tó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú àwọn ibùdókọ̀ àti ilé ìkẹ́rùsí ìgbà náà ti pòórá tàbí kí wọ́n ti di nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ìlú náà ṣì jẹ́ ibi tí ẹrù ti ń bọ́ láti orí ilẹ̀ sórí omi, àti láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn.

Ìbẹ̀rẹ̀

Iṣẹ́ lórí ojú irin Pacific Railroad bẹ̀rẹ̀ ní St. Louis ní 4 Oṣù Keje 1851. Àfonífojì Mill Creek ni ojú irin náà gbà jáde kúrò nínú ìlú. Adágún kan tí wọ́n ń pè ní Chouteau's Pond ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdọ̀tí ìlú ti bà á jẹ́, wọ́n sì fa omi rẹ̀ gbẹ lẹ́yìn tí àrùn onígbáméjì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ọdún 1849.

Àwọn ọkọ̀ ojú irin tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ ní láti dúró ní bèbè odò ní ìhà Illinois, kí ọkọ̀ ojú omi tó kó èrò àti ẹrù sọdá. Bí yìnyín bá bo odò nígbà òtútù, iṣẹ́ a dúró. Chicago, tó ń bá St. Louis du òwò ìwọ̀-oòrùn, ti ní ojú irin tó gba orí afárá kọjá Mississippi láti ọdún 1856. Ní 4 Oṣù Keje 1874 ni wọ́n tó ṣí afárá Eads ní St. Louis, èyí tí James B. Eads fi irin alágbára kọ́. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan so ó mọ́ ojú irin Mill Creek.

Afárá àti owó ìsọdá

Ní ọdún 1889, àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè kan para pọ̀ dá Terminal Railroad Association sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ yìí fi gba àkóso afárá Eads, afárá Merchants àti iṣẹ́ ọkọ̀ ìsọdá. Àwọn oníṣòwò ìlú ráhùn nípa owó tí wọ́n ń bù lé ẹrù tó bá sọdá. Ní ọdún 1912, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ náà gba ilé-iṣẹ́ rélùwéè yòówù tó bá fẹ́ wọlé, lọ́nà tó dọ́gba. Ìjọba ìlú kọ́ afárá tirẹ̀, tí ọkọ̀ ojú títì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní ọdún 1917. Òun ni wọ́n ń pè ní afárá MacArthur lónìí. Ní ọdún 1989, ìlú fi afárá náà fún ẹgbẹ́ rélùwéè, ó sì gba afárá Eads dípò rẹ̀.

Àwọn ohun tó ti pòórá

Ibùdókọ̀ Union Station, tí Theodore Link ya àwòrán rẹ̀, ṣí ní ọdún 1894. Ní àwọn ọdún 1940, èrò tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójúmọ́ ju 100,000 lọ. Ọkọ̀ òfuurufú àti ọ̀nà márosẹ̀ gba èrò mọ́ rélùwéè lọ́wọ́, ọkọ̀ èrò ìkẹyìn sì kúrò níbẹ̀ ní 31 Oṣù Kẹwàá 1978. Òtẹ́ẹ̀lì àti ibi ìgbafẹ́ ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Afárá Eads kò gbé ọkọ̀ ojú irin ńlá mọ́ láti ọdún 1974. Láti ọdún 1993, ọkọ̀ MetroLink tó ń gbé èrò ìgboro ni ó ń gba orí rẹ̀ àti ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà.

Ní Cupples Station, ojú irin wọ abẹ́ àwọn ilé ìkẹ́rùsí, tí ẹ̀rọ sì ń gbé ẹrù lọ sókè. Wọ́n ti wó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà. Ní òdìkejì odò, ọjà ẹran National Stockyards, tí rélùwéè ń kó màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ wá sí láti ọdún 1873, kógbá sílé ní ọdún 1997. Ìlú East St. Louis tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó ní ènìyàn 82,295 ní ọdún 1950, kò ní tó 20,000 mọ́ ní ọdún 2020. Pípàdánù iṣẹ́ rélùwéè àti ti ilé ìpẹran wà lára ohun tó fà á.

Ìkẹ́rù lónìí

Àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè ńlá mẹ́fà ni ó ń pàdé ní agbègbè St. Louis: BNSF, Union Pacific, Norfolk Southern, CSX, Canadian National àti CPKC. Terminal Railroad Association ni ó ṣì ń gbé ẹrù láàárín wọn. Ní ọdún 2022, ó parí àtúnkọ́ afárá Merchants.

Lórí omi, báàjì kan lè gbé nǹkan bí 1,500 tọ́ọ̀nù. Ilẹ̀kùn omi tó kẹ́yìn lórí Mississippi, Locks 27, wà ní Granite City, ní ìhà Illinois. Láti ibẹ̀ dé òkun, kò sí ìdínà kankan mọ́, nítorí náà ọkọ̀ kan lè ti báàjì púpọ̀ síwájú ju bí ó ti ṣeé ṣe lápá òkè odò lọ. Èyí ni ó mú kí àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà máa wá láti oko, nínú ọkọ̀ akẹ́rù àti rélùwéè, wá bọ́ sínú báàjì ní agbègbè náà, kí wọ́n tó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n odò a máa dín agbára rẹ̀ kù: nígbà ọ̀dá ọdún 2022, omi fà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dín ẹrù inú báàjì kù, tí owó ìkẹ́rù sì gbówó lérí. Odò tó dá rélùwéè dúró ní bèbè Illinois nígbà kan ni iṣẹ́ ìkẹ́rù ìlú náà ṣì gbára lé.