Ìṣó kan kò lè gbé dígí ńlá: ẹ yẹ ògiri yín wò

Ọ̀rọ̀ dígí ńlá la fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ìyẹn dígí gàgàrà tí èèyàn fi ń wo ara rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà kan, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àti ti àwọn onídìrí la ti sábà máa ń rí i. Lóde òní, ó ti wọ yàrá àti pálọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ dé Mafoluku lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣòdì, ẹ wo àwọn ilé olójúkojú tí odindi ìdílé ń gbé yàrá kan tàbí méjì. Bí àyè ṣe há tó, ẹ lè bá dígí ńlá níbẹ̀, torí ó máa ń jẹ́ kí yàrá kékeré dà bí ẹni pé ó fẹ̀.

Ìbéèrè wa ni pé, kí ló gbé dígí náà dúró? Nínú ilé mìíràn, wọ́n kàn fi ti ògiri ni. Nínú òmíràn, okùn ni wọ́n fi so ó kọ́ sórí ìṣó kan ṣoṣo. Méjèèjì ló léwu. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn máa ń fẹ́ gbá àwòrán ara rẹ̀ mú. Àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́ máa ń di ohun tó bá sún mọ́ ọn mú. Bí ohun tí wọ́n dì mú bá jẹ́ dígí tí kò fìdí múlẹ̀, orí wọn ló máa wó lé.

Irú ewu yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Lọ́dún 2016, iléeṣẹ́ IKEA kéde l'Amẹ́ríkà pé kí àwọn oníbàárà dá àpótí ìkáṣọsí tó tó mílíọ̀nù 29 padà, tàbí kí wọ́n gba irin tí wọ́n máa fi dè é mọ́ ògiri. Ohun tó fà á ni pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ ti wó pa àwọn ọmọdé. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó ga tó sì wúwo kò gbọdọ̀ dá dúró níbi tí ọmọdé wà.

BÁWO LÓ ṢE WÚWO TÓ?

Gíláàsì tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì nípọn mìlímítà 1, ń wọn kíló 2.5. Tí a bá fi èyí ṣírò dígí tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tó nípọn mìlímítà 5, á tó nǹkan bíi kíló 21, a ò sì tíì ka férémù mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń pọnmi mọ bí kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ṣe ń wúwo tó tí omi bá kún un. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri tọ̀sán-tòru. Ta ló jẹ́ fi ìṣó kan gbé kẹ́ẹ̀gì omi kọ́ sókè orí ọmọ rẹ̀?

OHUN TÍ BÍRÍKÌLÀ RẸ́ SÁRA ÒGIRI KỌ́ NI ÒGIRI

Búlọ́ọ̀kù oníhò, ti ínǹṣì 9 tàbí ti ínǹṣì 6, ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó. Lẹ́yìn náà ni bíríkìlà á pò simẹ́ńtì mọ́ iyanrìn, á fi rẹ́ ara rẹ̀ kó lè dán. Ohun tó rẹ́ yìí fẹ́lẹ́. Ìṣó tó bá mọ síbẹ̀ kò tíì kan búlọ́ọ̀kù rárá. Bó bá sì kan búlọ́ọ̀kù, ó lè jẹ́ inú ihò ló máa yọ sí, níbi tí kò ti sí ohun tó máa dì í mú.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi òòlù gbá ìṣó wọlé ni ògiri ń lanu díẹ̀díẹ̀. Mafoluku tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Bàálù ń kọjá lókè, jẹnẹrétọ̀ ń gbọ̀n lẹ́yìnkùlé, ìṣó tí kò jinlẹ̀ á sì máa tú lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ìka kan ògiri, kí ẹ tẹ́tí sí i. Bó bá dún bí ìlù, òfìfo ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé simẹ́ńtì òde ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù. Ibi tó dára jù ni òpó kọnkéré tàbí lẹ́ńtù, ìyẹn kọnkéré onírin tí wọ́n dà sókè ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, lẹ́ńtù yìí yí ògiri ká ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 sókè. Orí dígí gíga lè dé ibẹ̀.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE YẸ KÓ LỌ

Bí ẹ bá ń gbélé, ẹ kọ́kọ́ sọ fún lánlọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, ẹ pe káfíńtà tó ní dírìlì tó ń gbá kọnkéré. Ẹ má jẹ́ kó fi òòlù àti ìṣó ṣe é. Ike kékeré tí wọ́n ń pè ní fíṣà ló máa lò. Artur Fischer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló ṣe irú rẹ̀ jáde lọ́dún 1958, orúkọ rẹ̀ la sì ń pè láìmọ̀. Bí súkúrù bá ṣe ń wọ inú fíṣà ni fíṣà á máa fẹ̀, á sì fún mọ́ ihò gbágbá.

Ẹ máa ṣọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí bó ṣe ń ṣiṣẹ́:

1. Ojú dírìlì gbọ́dọ̀ bá fíṣà mu. Fíṣà 8, ojú dírìlì 8. Bí ihò bá fẹ̀ jù, kó má fi bébà tàbí igi ìṣáná dí i. Kó lu ihò mìíràn síbòmíràn.

2. Ihò gbọ́dọ̀ kọjá simẹ́ńtì òde wọ inú kọnkéré. Kó gbọn eruku inú rẹ̀ dànù, torí eruku kì í jẹ́ kí fíṣà dì mú.

3. Bó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò nìkan ló wà níbẹ̀, kó lo bóòtù oníyẹ̀ẹ́, èyí tí apá rẹ̀ máa ń là nínú ihò lẹ́yìn tó bá ti wọlé.

4. Kó la pákó líle kan sí méjì ní gígùn, kí ojú ibi tó là dà gẹ́rẹ́. Á fi súkúrù mẹ́rin, ó kéré tán, de ìdajì kan mọ́ ògiri, ojú gẹ́rẹ́ náà á wà lókè, á sì dagun sí ọ̀dọ̀ ògiri. Á de ìdajì kejì mọ́ ẹ̀yìn férémù, ojú tiẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá sọ dígí kalẹ̀, ọ̀kan á há mọ́ èkejì, ìwúwo dígí fúnra rẹ̀ á sì máa fà á mọ́ ògiri.

5. Kó tún kan pákó pẹlẹbẹ kan tí ìdí dígí máa gúnlẹ̀ lé. Dígí tí kò ní férémù nílò pákó yìí, pẹ̀lú irin ìdìmú onírọ́bà lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kí ẹ tó gbé dígí kọ́, ẹ fi okùn líle so kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí omi kún mọ́ pákó ara ògiri náà, kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí ọmọdé kankan má ṣe débẹ̀. Bí pákó náà bá mì tàbí tí simẹ́ńtì ń rún sílẹ̀, ògiri ti sọ fún yín pé òun ò lè gbé e.

Èèyàn méjì ni kó gbé dígí. Ìnàró ni kí wọ́n gbé e, kí wọ́n wọ bàtà àti ìbọ̀wọ́.

IBI TÍ KÒ YẸ

Ẹ má gbé e kọ́ sókè ibùsùn tàbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má lu ògiri ní ọ̀gangan òkè, ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ súwíìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí wáyà iná lè gba ibẹ̀ kọjá nínú ògiri. Bákan náà ni ògiri tí páìpù omi wà nínú rẹ̀.

Bí àgbàlagbà bá wà nílé, ẹ má kọ́ ọ síbi tí oòrùn tàbí gílóòbù máa tàn lu ú wọ̀ ọ́ lójú. Bí ọjọ́ ogbó bá ti ń mú kí ìyá tàbí bàbá yín gbàgbé nǹkan gan-an, ó lè máà mọ̀ pé òun lòun ń wò nínú dígí. Ó lè rò pé àlejò ló wọlé, kí ẹ̀rù bà á. Ẹ má bá a jà. Ẹ fi aṣọ bo dígí náà, tàbí kí ẹ gbé e kúrò.

BÍ Ó BÁ FỌ́ ŃKỌ́?

Dígí lásán máa ń fọ́ bí ọ̀bẹ. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù gbòòrò mọ́ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó di pé ẹ gbé e kọ́. Bó bá fọ́, ọ̀pọ̀ àfọ́kù á lẹ̀ mọ́ ọn.

Bó bá gé èèyàn, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú egbò náà gidi, ẹ má sì yé tẹ̀ ẹ́. Bí àfọ́kù bá gún un wọlé, ẹ má yọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má da kẹrosíìnì, ẹ́ńjìnì ọ́ìlì tàbí páúdà sójú egbò. Ẹ bi dókítà léèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. L'Ékòó, nọ́ńbà pàjáwìrì ni 767 tàbí 112. Àwọn ará Mafoluku tún lè sáré lọ sí ọsibítù ìjọba n'Ísọ̀lọ̀ tàbí LASUTH n'Íkẹjà. Àfọ́kù tó kù, ẹ fi bébà àti páálí wé e, kó má bàa gé àwọn tó ń kó ìdọ̀tí.

Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ra dígí tuntun. Lónìí gan-an, ẹ di férémù èyí tó wà nílé mú ṣinṣin, kí ẹ mì ín díẹ̀. Bó bá mì, ẹ ké sí ẹnì kan kó bá yín sọ̀ ọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí káfíńtà á fi dé. Owó iṣẹ́ káfíńtà kò lè tó owó ọsibítù. Kí ojú má ribi, gbogbo ara loògùn ẹ̀.