Iná Gbọ̀ngàn Wa Tó Fẹ́ Dá Ìjà Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ iná gbọ̀ngàn ìpàdé wa ní Sabon Gari la fẹ́ sọ.

Ẹ rántí pé àwọn ìyá ẹgbẹ́ ló dáwó tí a fi ra gílóòbù mẹ́fà oní-volt 12, èyí tó ń lo bátìrì sólà, kí ẹnu géètì má baà máa ṣókùnkùn. Akápò wa ló lọ rà wọ́n lọ́jà. A tún ra timer, ìyẹn aago tó ní relay nínú, kí iná máa tàn fúnra rẹ̀ láago méje alẹ́, kó sì máa kú nídàájí. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n so ó tán, bí aago méje ṣe lù, gbogbo gílóòbù tàn yòò, wọ́n sì jó lẹ́ẹ̀kan náà. Rọ́bà wáyà kan yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì. Ọlọ́run ló ní kí mẹ́gáàdì wà nítòsí.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn kan ti ń sọ pé ayédèrú ni akápò rà, pé ó fi owó tó kù sápò. Obìnrin náà kò wá sípàdé fún oṣù méjì. Àwa aṣáájú náà dákẹ́.

Nígbà tí a wá pe bàbá oníná kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, kò tiẹ̀ wo gílóòbù. Timer ló ṣí. Ó ní relay kì í fúnni níná, ilẹ̀kùn lásán ni. Iná tí ẹ bá gbé síwájú ilẹ̀kùn ló máa wọlé nígbà tó bá ṣí. Iná NEPA ló ń bá timer yẹn ṣiṣẹ́, ọmọ tó so ó sì mú wáyà NEPA kan náà lọ sójú COM, bí ẹni ń so gílóòbù ilé. Volt 220 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló rọ́ lu ohun tó fẹ́ 12.

Bàbá pààrọ̀ timer sí èyí tó ń lo volt 12, torí bí NEPA bá mú iná lọ, ti àkọ́kọ́ kò ní ṣí ilẹ̀kùn kankan, bí bátìrì tilẹ̀ kún. Ó mú wáyà pupa láti bátìrì, ó fi fíúsì sí i nítòsí ẹnu bátìrì gan-an. Láti ibẹ̀, ẹ̀ka kan bọ́ timer fúnra rẹ̀, èkejì lọ sójú COM. Ojú NO ló ti mú wáyà pupa lọ sára gílóòbù. Wáyà dúdú gbogbo wọn padà tààrà sí bátìrì. Ojú NC kò gba nǹkan kan. Bí ẹ bá so ó síbẹ̀, ọ̀sán ni iná yóò máa tàn, alẹ́ ni yóò máa kú.

Ó tún pààrọ̀ wáyà, èyí tí a kọ́kọ́ rò pé ìnákúnàá ni. Gílóòbù mẹ́fà oní-watt 10 jẹ́ watt 60. Lórí volt 12, amp 5 ló ń gba inú wáyà kọjá. Lórí volt 240, kò ju ìdá mẹ́rin amp kan lọ. Wáyà tín-ínrín yóò gbóná. Bákan náà, ẹ wo ara relay: èyí tí wọ́n kọ DC sí lẹ máa kà, kì í ṣe ti AC.

A ti lọ bẹ akápò nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni wọ́n ti bà á lórúkọ jẹ́, ìta gbangba náà la ti ń tọrọ àforíjì: owó ẹgbẹ́ pé. Òun náà ló tún lọ ra gílóòbù mẹ́fà tuntun, lọ́wọ́ ọlọ́jà kan náà.