Bí ẹ́ńjìnnì kékeré kò bá tan, ẹ má tètè dẹ́bi fún kọ́ìlì

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, koríko kì í jẹ́ kí onílé àti àgbẹ̀ sinmi. Àsìkò yìí gan-an ni ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko, èyí tó ti wà ní kọ̀rọ̀ ilé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, máa ń dójú ti ẹni tó ni ín. Yóò fa okùn rẹ̀ títí tí èjìká yóò fi máa ro ó, ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn. Bó bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí kò ní sùúrù, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kọ́ìlì ti jóná. Yóò ra tuntun, síbẹ̀ ẹ̀rọ náà lè má ṣiṣẹ́.

Ohun tó ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Jẹnẹrétọ̀ kékeré àti ẹ̀rọ tó ń fa omi sí oko ẹ̀fọ́ kò yàtọ̀. Ohun mẹ́ta ni gbogbo wọn ń fẹ́: epo tó pò mọ́ afẹ́fẹ́, agbára tó ń fún un pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, àti iná tó ta lásìkò. Ọ̀rọ̀ iná yìí la fẹ́ yànnàná.

Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò nílò bátìrì kí ó tó ta iná. Bí a bá fa okùn, irin òòfà tó wà lára irin róbótó tó ń yí yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì. Iná mànàmáná yóò dìde nínú kọ́ìlì, yóò gba inú wáyà lọ sí pulọ́ọ̀gì, yóò sì fò ní ẹnu rẹ̀. Gottlob Honold, ará Jámánì tó ń bá Robert Bosch ṣiṣẹ́, ló gbé irú ètò yìí jáde ní nǹkan bí ọdún 1902.

Inú pulọ́ọ̀gì ni kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló rọrùn jù láti pààrọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ tú u. Bí ẹnu rẹ̀ bá gbẹ táútáú lẹ́yìn tí ẹ ti fa okùn púpọ̀, epo ni kò débẹ̀; kábúrétọ̀ ni kí ẹ lọ wò. Bó bá tutù fún epo, ó ṣeé ṣe kí iná má ta. Bó bá dúdú, tí ó sì ń yọ̀, bóyá ọ́ìlì tí ẹ pò mọ́ pẹtiróòlù ti pọ̀ jù.

Ẹ nu ún mọ́, ẹ fi wáyà rẹ̀ dé e, kí ẹ fi ara irin rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, jìnnà sí ihò tí ẹ ti yọ ọ́, nítorí epo tó ń fẹ́ jáde níbẹ̀ lè gbiná. Ẹ má fi ọwọ́ lásán dì í mú; ìmúṣo tó ní rọ́bà ni kí ẹ lò. Ẹ wá fa okùn. Iná aláwọ̀ búlúù tó ń ta pàrà dára. Bí kò bá sí rárá, ẹ dán pulọ́ọ̀gì tuntun wò.

Bí kò bá tíì ta, ẹ tú wáyà tó ti ara swíìṣì wá sí kọ́ìlì. Iṣẹ́ swíìṣì yìí ni láti darí iná sí ara irin kí ẹ́ńjìnnì lè kú. Bí eku bá ti jẹ wáyà náà, tó sì ń kan irin, bí ẹni pé ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì ni. Bí iná bá padà lẹ́yìn tí ẹ tú u, kọ́ìlì kò jẹ̀bi. Ẹ tún wáyà náà ṣe, kí ẹ sì dá a padà kí ẹ tó lo ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ tó ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kì í ta iná bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀. Ẹ wo ìyẹn náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín kọ́ìlì àti irin òòfà. Ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó nípọn páálí kékeré kan. Létí ọ̀sà bíi tiwa, ìpàtà lè bo ojú irin náà; ẹ fi páńdà há a kúrò. Bí gbogbo èyí bá pé, tí iná kò sì ta, nígbà náà la lè sọ pé kọ́ìlì ti bàjẹ́.

Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yìí wá oúnjẹ òòjọ́ kò ní owó àti ọjọ́ tí yóò fi ṣòfò. Nígbà tí wọ́n bá tún ní kọ́ìlì ti jóná, ìbéèrè kan péré ni kí ẹ bi wọ́n: “Ṣé ẹ ti tú wáyà swíìṣì wò?”